Kí Ẹ Tó Gé Pákó: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Kọ̀ǹpútà Sínú Ṣẹ́ẹ́fù Ilé

Ṣẹ́ẹ́fù àkọ́kọ́ tí mo kọ́ kọ̀ǹpútà sí nínú pálọ̀ wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, lẹ́wà débi pé àlejò kì í mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Pákó igi tí wọ́n ń pè ní ọmọ ni, a fi fáníìṣì kùn ún, ó sì ní ilẹ̀kùn méjì tó ń pa dé gbáa. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa láti oṣù Kẹjọ títí ọdún fi parí. Nígbà tó di oṣù Kẹta tí oòrùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo pààrọ̀ RAM, ẹ̀yà tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, mo tún Windows fi sí i, mo di ẹ̀bi ru iná. Ọjọ́ tí mo ṣí ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ́fù náà tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe é: inú ibẹ̀ gbóná bí ẹnu ààrò. Kò sí ẹ̀yà kan tó bàjẹ́. Ilé tí mo kọ́ fún kọ̀ǹpútà náà ni kò ní fèrèsé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ju ọ̀rọ̀ pákó lọ. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ, ooru ló ń dà. Bí ó bá ń jẹ 150 wátì, ẹ fojú inú wo gílóòbù pupa àtijọ́ oní-60-wátì, méjì sí mẹ́ta, tí ẹ tàn sínú àpótí kan, tí ẹ wá dé àpótí náà pa. Kọ̀ǹpútà inú kéèsì irin ń rí díẹ̀ nínú ooru yẹn tú jáde lára irin, ṣùgbọ́n pákó kì í jẹ́ kí ooru kọjá. Yàrá wa fúnra rẹ̀ sì lè ti kọjá 32°C lọ́sàn-án oṣù Kejì àti oṣù Kẹta kí a tó tan ohunkóhun.

Ẹ̀yà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ẹ má dé ìsọ̀ pákó kí gbogbo ẹ̀yà tó wà nílẹ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, ló ń pinnu bí inú ṣẹ́ẹ́fù ṣe máa tóbi tó. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀: ATX, tó gùn ní mìlímítà 305 tó sì fẹ̀ ní 244, microATX, tó jẹ́ 244 lọ́tùn-ún lósì, àti Mini-ITX, tó jẹ́ 170 lọ́tùn-ún lósì. MicroATX ni mo máa ń ní kí ènìyàn mú. Mini-ITX kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, kékeré rẹ̀ kò sì wúlò fún wa tó bẹ́ẹ̀, torí ṣẹ́ẹ́fù ní àyè. Páwà páàkì ATX, àpótí irin tó ń pín iná fún àwọn ẹ̀yà, máa ń fẹ̀ ní mìlímítà 150, ó ga ní 86, gígùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 140. Ẹ tún wọn fáànù orí prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, dáadáa, nítorí àwọn tó dúró bí ilé alájà lè ga tó mìlímítà 160.

Ọjà Tòkunbọ̀ gba ìṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tó ń ti òkè òkun wá ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fún ní mọ́dábọ́ọ̀dù tí ẹnu wáyà rẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Páwà páàkì mìíràn kò ní wọ̀ ọ́, súwíìṣì mìíràn kò ní bá a mu. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo ẹnu tó ń gba iná lára mọ́dábọ́ọ̀dù náà: ojú 24 ló yẹ kí ó ní, ìlà méjì, méjìlá méjìlá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún yí páwà páàkì kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré tí a kọ 115 àti 230 sí. Orí 230 ni kí ó wà. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí 115, bí ẹ bá sì ki páwà páàkì náà bọ iná wa bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀, páwà páàkì ti lọ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ wá: kéèsì kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ti kú. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń kó wọn jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, owó kékeré ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Páànù inú rẹ̀ tí mọ́dábọ́ọ̀dù ń jókòó lé ni a fẹ́, àti ojú ihò ẹ̀yìn tí ẹnu USB àti ti mọ́nítọ̀ ń gbà yọ. Ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà kó gé páànù náà ní odindi, kó sì fi fáìlì ra etí rẹ̀ kó má baà gé yín lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ idẹ kékeré tó wà lórí páànù náà ló ń gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sókè kúrò lára irin. Ẹ kà wọ́n. Abẹ́ ihò mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà; èyí tó bá wà níbi tí kò sí ihò lè kan ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù kó sì jó o. Àwọn kan máa ń kan mọ́dábọ́ọ̀dù mọ́ pákó lásán, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn, ìdí rẹ̀ máa hàn tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ iná.

Ibi tó máa dúró sí

Ẹ yẹra fún ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, ògiri tí balùwẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí òjò ń fẹ́ wọlé. Kí ìsàlẹ̀ àyè kọ̀ǹpútà ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀, kí omi tí a fi ń nulẹ̀ má baà dé ibẹ̀.

Ẹ má gbé e kọ́ ògiri. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé ní ihò nínú, ṣúkúrù tó bá bọ́ sínú ihò yẹn kò ní di ẹrù wúwo mú pẹ́. Àwọn ilé àtijọ́ bíi ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó jẹ́ amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú, tún wá léwu jù. Kí ṣẹ́ẹ́fù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀, kí ẹ sì fi irin kékeré méjì dè é mọ́ ògiri lókè kí ọmọdé má baà fà á wó lu ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé onílé á tún lè kó o lọ nígbà tí ẹ bá ń kó jáde.

Ẹ fi páálí ṣe é ná

Ẹ gé páálí ní ìwọ̀n mọ́dábọ́ọ̀dù, ẹ gé òmíràn ní ìwọ̀n páwà páàkì, kí ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì. Mo máa ń tẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù sílẹ̀ bí abọ́ lórí tíréè, kí páwà páàkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mìlímítà 244 pẹ̀lú 150 jẹ́ 394. Ẹ fi àlàfo wáyà àti ti ọwọ́ yín kún un, ẹ ó rí i pé íǹsì 24 ni fífẹ̀ tó máa rọ̀ yín lọ́rùn. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, íǹsì 16: mọ́dábọ́ọ̀dù, fáànù iwájú tó nípọn ní mìlímítà 25, àti àyè tí wáyà mọ́nítọ̀ máa fi tẹ̀ lẹ́yìn láìṣẹ́. Gíga rẹ̀, íǹsì 14. Ṣẹ́ẹ́fù ìwé lásán kì í sábà ju íǹsì 12 lọ sínú, nítorí náà apá ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ fún kọ̀ǹpútà, kí ó yọ síwájú díẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù, kí àwọn àjà ìwé dúró lé e lórí.

Kí ẹ tó gbé páálí kúrò, ẹ ki ọwọ́ sí ibi gbogbo bíi pé ẹ fẹ́ yọ RAM, bíi pé ẹ fẹ́ yọ SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí. Ibi tí ọwọ́ yín kò bá dé báyìí, kò ní dé e mọ́ láéláé.

Pákó àti káfíńtà

Fún àyè kọ̀ǹpútà, pílaì íǹsì mẹ́ta nínú mẹ́rin ni mo yàn. Kì í tẹ̀, kì í sì í là bíi pákó tútù tí kò tíì gbẹ. MDF, pákó tí a fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, máa ń lẹ́wà tí a bá kùn ún, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án ó wú, kì í sì í padà sípò. Fún ojú ìta, ẹ lè lo pákó ọmọ tàbí ọ̀gánwó bí owó bá wà. Kí ẹ fi oògùn ìkán pa gbogbo ẹ̀yìn àti abẹ́ pákó náà, kí ẹ sá a síta títí òórùn rẹ̀ fi lọ.

Káfíńtà tó bá mi ṣe èkejì jẹ́ àgbà tó mọṣẹ́. Nígbà tó kù kó kan ẹ̀yìn, ó gbé odindi pílaì kan wá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bo ẹ̀yìn yẹn pa.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe máa fi í sílẹ̀? Ìhòòhò ni ṣẹ́ẹ́fù tí kò ní ẹ̀yìn.”

Mo ní kó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì mi. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì yọ ọ́ kíá. Òun fúnra rẹ̀ ló wá dá a lábàá pé kí a fi íǹsì márùn-ún sílẹ̀ lókè ẹ̀yìn náà gbọọrọ, kí a sì fi néètì bo ibẹ̀. Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ fún káfíńtà yín bẹ́ẹ̀ kó tó kan ìṣó kan, torí bí ó ṣe mọ ọ́n ṣe láti kékeré ni pé kí kọ́bọ́ọ̀dù dé pa.

Gbogbo gígé, lílu ihò, fífi sáńpépà rá a àti kíkùn gbọ́dọ̀ parí níta kí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kankan tó sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ fún fáníìṣì ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán.

Ọ̀nà atẹ́gùn

Ooru máa ń gòkè. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ iwájú ni atẹ́gùn tútù gbà wọlé, òkè ẹ̀yìn ló gbà jáde. Gbogbo ìyókù ń ti ibẹ̀ wá.

Fáànù oní-mìlímítà-120 mẹ́ta ni kí ẹ rà. Ẹ gbẹ́ ihò róbótó méjì sí ìsàlẹ̀ iwájú, ọ̀kan sí òkè ẹ̀yìn. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹsì mẹ́rin ààbọ̀, ihò ṣúkúrù mẹ́rin tó yí i ká sì jìnnà síra ní mìlímítà 105. Ẹ fi fáànù gangan sàmì rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù kí ẹ má baà ṣì í. Lára fáànù púpọ̀ ni ọfà kékeré wà tó ń fi ibi tí atẹ́gùn ń lọ hàn. Bí kò bá sí ọfà, ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ tí irin tàbí ike rẹ̀ ti na apá mú àárín ni atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ tàn án kí ẹ gbé tíṣù síwájú rẹ̀ kó lè dá yín lójú.

Kí ló dé tí méjì fi ń wọlé tí ẹyọ kan ń jáde? Nítorí eruku ni. Bí atẹ́gùn tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tí fáànù ń fà jáde lọ, èyí tó kù á máa wá ọ̀nà jáde láti inú gbogbo ojú àlàfo pákó, eruku kò sì ní rí ibẹ̀ gbà wọlé. Ẹnu fáànù iwájú nìkan ló kù fún un, ibẹ̀ sì ni a dẹ néètì sí. Tí ẹ bá ṣe é lódì, tí èyí tó ń jáde pọ̀ jù, gbogbo ojú ìsopọ̀ pákó ló máa di imú tó ń fa ọyẹ́ símú.

Néètì tí a fi ń ṣe fèrèsé nítorí ẹ̀fọn ti tó. Ẹ kàn án mọ́ férémù pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ lè yọ fọ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pa. Ìlà íǹsì márùn-ún ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ ní néètì, ihò wáyà pẹ̀lú, torí ọmọńlé. Ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó móoru. Ọ̀kan wọ inú páwà páàkì mi rí, ó fara kan irin méjì nínú, òun àti páwà páàkì ló jọ kú lóru ọjọ́ kan. Ẹ fi fóòmù dí ẹ̀gbẹ́ wáyà níbi tí wọ́n ti jáde.

Ilẹ̀kùn iwájú ńkọ́? Ẹ lè ní in, kí ó jẹ́ èyí tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, bíi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àlàfo wà láàárín wọn. Mo mọ̀ pé Òṣogbo ìlú aró ni wá, ó sì máa ń wu ènìyàn láti fi àdìrẹ tó rẹwà ṣe kọ́tìnnì síwájú rẹ̀. Ẹ fi àdìrẹ yẹn bo àwọn àjà òkè. Aṣọ tí a rẹ ní aró tí a sì fi ẹ̀kọ ṣe iṣẹ́ sí lára ki, fáànù kékeré kò lè fa atẹ́gùn gba inú rẹ̀. Kí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ́fù sì jìnnà sí ògiri tó íǹsì méjì, kí ooru tó jáde má baà padà wọlé.

Kí ariwo fáànù má baà sọ gbogbo ṣẹ́ẹ́fù di ìlù, ẹ lọ bá fọkanáísà kó fún yín ní túùbù àlòkù. Ẹ gé rọ́bà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi tẹ́ abẹ́ fáànù níbi tí ṣúkúrù ti wọlé, àti abẹ́ hard disk bí ẹ bá ní irú èyí tó ń yí.

Iná

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn pé pákó máa gbiná. Prọ́sẹ́sọ̀ máa ń dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù, tàbí kó pa ara rẹ̀, ní nǹkan bíi 100°C. Pákó nílò ooru tó ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ kó tó gbiná. Ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wáyà tí kò dì dáadáa, ẹ̀sítẹ́ńsọ̀n ayédèrú, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti jó. Nítorí náà, páwà páàkì gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí irin tirẹ̀, ẹ má tú u láé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń tú ooru síta sì kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde.

Ẹ pe rewáyà kó yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì yín wò bóyá wáyà ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta wà tí ihò òkè rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ní kí a lo páànù irin nìyí: ẹ fi wáyà kan àti ṣúkúrù so páànù náà mọ́ ara páwà páàkì, kí iná tó bá jò sára irin lè gba wáyà ilẹ̀ lọ dípò kó gba ọwọ́ yín. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò lójú ibi tí ẹ dè é sí, torí ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá.

UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró nígbà tí iná bá lọ, gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kó má bá kọ̀ǹpútà gbé inú kan náà. Ó wúwo, bátìrì rẹ̀ máa ń móoru, ooru sì ń tètè pa bátìrì. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ tó ń jẹ 300 wátì kì í fa ju 1.3 A lọ lórí 230 V, ẹ̀sítẹ́ńsọ̀n ojúlówó kan ti tó. Ẹ má ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́.

Títò

Orí tábìlì ni kí ẹ ti kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀, lórí páálí mọ́dábọ́ọ̀dù, kí ẹ tàn án kí ẹ rí àwòrán lójú mọ́nítọ̀. Nígbà ọyẹ́ tí ara ènìyàn máa ń ta iná nítorí gbígbẹ, ẹ fọwọ́ kan irin ara páwà páàkì tí ẹ ti kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ẹ kò tíì tàn, kí ẹ tó fọwọ́ kan RAM tàbí prọ́sẹ́sọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dè é mọ́ páànù, kí ẹ sì de páànù mọ́ pátákó pílaì kan tó ń rìn lórí réélì dúróọ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, ẹ fà á jáde bí ẹni fa dúróọ̀ aṣọ. Ẹ fi wáyà sílẹ̀ ní gígùn tó tó fún un, kí ẹ sì dì wọ́n pọ̀ kí fáànù má baà gé wọn.

Fún súwíìṣì, bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà ṣe é lò dáadáa. Wáyà rẹ̀ méjèèjì lọ sórí irin ṣóńṣó kékeré méjì tí a kọ PWR_SW tàbí PWRBTN sí lára mọ́dábọ́ọ̀dù. Èyíkéyìí lè wà lọ́tùn-ún tàbí lósì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń ta padà fúnra rẹ̀. Súwíìṣì gílóòbù kò dára, torí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó dúró bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà máa tàn, ó sì máa kú lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí bọ́tìnnì yìí bá iná ilé pàdé níbikíbi.

Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní eriali Wi-Fi, ẹ fi wáyà gùn ún kí ó jáde sókè ṣẹ́ẹ́fù.

Ọ̀sán ìdánwò

Ẹ má dán an wò lóru. Ẹ dúró di aago méjì ọ̀sán, kí ẹ ti ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ́fù, kí ẹ fún un ní iṣẹ́ líle fún wákàtí kan, bíi ṣíṣe fídíò, kí ẹ sì máa fi HWiNFO, ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń fi ooru ẹ̀yà hàn, wo ooru prọ́sẹ́sọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ tún ṣe wákàtí kan, kí ẹ kọ ìyẹn náà. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì kò bá ju 5°C lọ, ọ̀nà atẹ́gùn yín dára. Bí ó bá ju 10°C lọ, ẹnu ọ̀nà kéré. Ẹ fẹ ti iwájú lójú kí ẹ tó ronú fáànù mìíràn. Tèmi báyìí ń wà láàárín 72 sí 78°C lọ́sàn-án tó gbóná, ilẹ̀kùn wà ní títì.

Nígbà ọyẹ́

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ẹ yọ néètì iwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Ní ìgbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Nígbà tí ẹ bá ń fi búlówà fẹ́ eruku inú, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà iná, kí ẹ sì fi ìka di apá fáànù tó ń yí mú kó má yí, torí eré tí búlówà ń sá a máa ń ba àárín rẹ̀ jẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ṣẹ́ẹ́fù níbi tó ti kan ilẹ̀: bí ẹ bá rí ìlà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gòkè, ìkán ti ń bọ̀, ẹ fọ́ ọ kúrò kí ẹ sì tún oògùn kùn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.